Àrọ́bá, Ibojì àti Egungun: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rí lórí Orírun Àwọn Magyar

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Àwọn Magyar, baba ńlá àwọn ará Họ́ńgárì, ní àrọ́bá, ṣùgbọ́n àrọ́bá náà kò bá ohun tí ilẹ̀ àti egungun ń wí mu tán. Ní nǹkan bí ọdún 895 ni wọ́n tẹ̀lé Árpád wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwọn òkè Carpathia yí ká. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kọjá kí akọ̀wé ọba kan, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, tó kọ Gesta Hungarorum ní èdè Látìn. Nínú ìwé náà ni ó ti so ìran Árpád mọ́ Attila, ọba àwọn Hun. Èdè ń tọ́ka sí ibòmíràn. Ní 1770, János Sajnovics fi hàn pé èdè Magyar àti ti àwọn Sámi bá ara wọn tan. Èdè Mansi àti Khanty, ní agbègbè odò Ob ní Sìbéríà, ni ó sì sún mọ́ ọn jù lọ.

Ẹ̀rí Ibojì

Àwọn Magyar a máa sin orí àti ẹsẹ̀ ẹṣin pẹ̀lú òkú, wọ́n a sì máa fi fàdákà pẹlẹbẹ bo ojú òkú mìíràn. Irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn bá ní Bolshie Tigany, nítòsí odò Kama. Ní Uelgi, ní ìlà-oòrùn òkè Ural, ọ̀ṣọ́ ìgbànú tí wọ́n wú jáde jọ ti Họ́ńgárì. Ẹ̀rí yìí gbe ìròyìn Julian lẹ́sẹ̀, àlùfáà tí ó rìnrìn-àjò ní 1235, tí ó sì bá àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀ pàdé létí Volga.

Ẹ̀rí Egungun

Ní 2022, Zoltán Maróti àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA òkú Hun 9, Avar 143, àti 113 ti ìgbà tí àwọn Magyar wọ ilẹ̀ náà wò. Wọ́n ní ìran mẹ́ta ni ó ti dàpọ̀ di ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó wọlé náà: ti Mansi, ti Sarmatia àtijọ́, àti ti àrọ́mọdọ́mọ Xiongnu. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ Hun lára òkú Magyar mìíràn pẹ̀lú.

Iṣẹ́ náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó yẹ kí a tẹ̀ wò. Èkíní, kí wọ́n tó mọ àwọn tí ó wọlé, wọ́n kọ́kọ́ yọ gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Yúróòpù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí àwọn àlejò ti wá ni èyí lè sọ. Kò lè sọ ẹni tí í ṣe Magyar. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn gbà pé ọmọ ilẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú ọ̀hún. Ṣé ẹni tí a sin bí Magyar kì í ṣe Magyar nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀? Èkejì, òkú Hun mẹ́sàn-án kéré láti gbé ìdájọ́ ńlá lé. Ẹ̀kẹta, a kò tí ì rí ibojì Attila. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ Hun lára òkú kan kò sọ ọ́ di ọmọ Attila.

Egungun kì í sì í fọhùn. Ní 2020, ìwádìí lórí egungun Ọba Béla Kẹta, ọmọ ìran Árpád tí ó wàjà ní 1196, fi hàn pé ìlà baba rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn Bashkir jù lọ, wọ́n sì ti pínyà láti nǹkan bí 2000 ọdún. Síbẹ̀, èdè ìran Túrkì ni àwọn Bashkir ń sọ lónìí. Èdè gba ọ̀nà kan, ìlà baba gba òmíràn.

Ìgúnlẹ̀

Ó hàn gbangba pé ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ń dáhùn. Èdè ń sọ ohun tí wọ́n fi sọ̀rọ̀, ibojì ń sọ àṣà wọn, egungun ń sọ àwọn tí ó bí wọn, àrọ́bá sì ń sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n sí. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn dájọ́ yóò lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nílé baba wọn.