Ààlà Láàárín Wúfà àti Spíkà: Ibi Tí Agbára Ètò Kọ̀ǹpútà Mọ

Wúfà ni spíkà tí kò níṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, irú èyí tí àyà ń gbọ́ kí etí tó gbọ́, ó sì ń gba ẹrù yìí lọ́wọ́ àwọn spíkà iwájú kí wọ́n lè gbájú mọ́ ìyókù orin. Ibi tí wọ́n ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ni ààlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í sí 80 Hz, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n THX fún sinimá inú ilé. Ààlà yìí kì í ṣe ògiri, nítorí pé nínú ìṣirò tí Siegfried Linkwitz tẹ̀ jáde ní ọdún 1976, bí ohùn wúfà ti ń rọlẹ̀ ni ti spíkà ń gbéra, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi jọ ń gbé ohùn kan náà ní àyíká ààlà.

Nítorí pé wọ́n jọ ń gbé e, àkókò ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà. Ìgbì ohùn 80 Hz kan gùn tó mítà 4.3, nítorí náà bí ti wúfà bá fi ìdajì ìgbì pẹ́ dé ibi ìjókòó, ìyẹn nǹkan bí ìdá 6 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, bí spíkà ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni wúfà yóò máa fà á sẹ́yìn, ohùn yóò sì pòórá, bí ìlù ti í dàrú nígbà tí ọwọ́ onílù méjì kò bá jọ bọ́ sórí awọ. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bí Audyssey àti Dirac Live ń rán ohùn ìdánwò jáde, makirofóònù a gbọ́ ọ níbi ìjókòó, ètò a sì ṣírò ìgbà tí ohùn spíkà kọ̀ọ̀kan dé, ó sì lè kọ ọ́ bí ìjìnnà. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé ètò lè kọ mítà 5 fún wúfà tí téèpù wọ̀n ní mítà 3. Wọ́n a sì yára pa 5 rẹ́, wọ́n a kọ 3 dípò rẹ̀. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, nítorí pé ìṣirò inú wúfà fúnra rẹ̀ ń gba àkókò kí ohùn tó jáde, àkókò yìí ni ètò sì fi mítà kà. Níhìn-ín gan-an ni ètò kọ̀ǹpútà ti yẹ fún ìyìn jù lọ.

Ìyìn tí wọ́n ń fún un lórí títẹ́ ohùn pẹrẹsẹ ni ó pọ̀ jù. Nínú iyàrá tí ó gùn ní mítà 4.2, ìdajì ìgbì 41 Hz wọ àárín ògiri méjèèjì géérégé, 41 Hz yìí sì ni ohùn okùn tí ó rẹlẹ̀ jù lórí gìtá béèsì. Bí olórin bá ta okùn náà, yóò bú ramúramù lẹ́bàá ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ní àárín iyàrá lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ètò lè gé ohùn tí ó ga jù, kí ó sì gé e dáadáa. Kò lè dí kòtò, ìyẹn ibi tí ohùn ti pòórá, nítorí pé bí ó bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 kún un, agbára ìlọ́po mẹ́rin ni áńpù yóò ná, ìgbì tí ń bọ̀ láti ara ògiri láti pa ohùn náà yóò sì lágbára sí i ní ìwọ̀n kan náà. Àga tàbí wúfà ni ó yẹ kí ó kúrò níbi tí ó wà. Iṣẹ́ tí Todd Welti ṣe ní ilé-iṣẹ́ Harman, tí ó gbé jáde ní ọdún 2002, fi hàn pé wúfà méjì tí ó kọjú síra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbedeméjì ògiri rẹ̀, lè mú kí ohùn ìsàlẹ̀ sún mọ́ dídọ́gba láti àga dé àga kí ètò kankan tó dé ibẹ̀.

Ìlà ìwọ̀n ohùn tí ó tẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà kò tó ẹ̀rí, pàápàá nígbà tí ètò bá ti mú un dán ju bí ó ti rí lọ. Ìdánwò tí ó ṣeé gbára lé ni kí wọ́n yí wáyà wúfà padà, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó tì í, kí wọ́n sì tún wọn ohùn. Bí àkókò bá bára mu, kòtò jíjìn yóò là ní ojú 80 Hz gan-an. Bí kòtò náà kò bá jìn, wúfà àti spíkà kò tíì jọ rìn, bó ti wù kí ìlà àkọ́kọ́ tẹ́jú tó.