Ọwọ́ Bíríkìlà Nínú Igbó Ọ̀ṣun

Mùsíọ́ọ̀mù tí kò ní òrùlé ni mo ka Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sí. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére tí wọ́n pè ní New Sacred Art ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹnu ń pè: Àdùnní Olórìṣà. Ó tọ́ sí i. Susanne Wenger, ọmọ Austria, wá síbí ní 1950, ó sì fi ibí ṣe ilé títí ó fi kú ní 2009. Bí kò bá sí i, bóyá wọn ì bá ti pín igbó náà tà.

Síbẹ̀, níwájú ògiri àti ẹnu-ọ̀nà ibẹ̀, Adébísí Àkànjí ni mo ń rò. Bíríkìlà ni. Ulli Beier ló pe àwọn bíríkìlà sí ìdíje, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹranko bíi ti orí ilé àwọn Àgùdà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ère náà kò jọ ènìyàn. (Ta ló ní kí òrìṣà jọ ènìyàn?) Èmi fẹ́ràn bí apá wọn ṣe gùn, tí ojú wọn sì yọ síta.

Amọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, sìmẹ́ǹtì lóde. Òjò ń lù wọ́n, àwọn kan ti sán. UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ṣùgbọ́n ìwé kò lè di ògiri tó sán. Lójú mi, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà nílùú náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú wá fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, ṣáájú àwa ọmọ ilé-ìwé tó wá ya fọ́tò.