Àlọ́ Tí A Fi Irin Pa

Àwọn lámèyítọ́ wa kì í sábà ka ohun ìṣeré sí iṣẹ́ ọnà. A ti kọ̀wé lórí ère, lórí ewì, lórí eré orí ìtàgé, títí kan ayò ọlọ́pọ́n pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yọ irin méjì tí ó kọ́ ara wọn jáde nínú àpò, tí ó ní kí á yà wọ́n láìtẹ̀ wọ́n, láìgé wọn, ẹ̀rín ni a óò rín, a óò sì ní kí ó lọ gbé e fún ọmọdé. Mo fẹ́ yẹ irú irin bẹ́ẹ̀ wò níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ewì wò. Ìdí rẹ̀ ni pé àlọ́ àpamọ̀ ni mo kà á sí. Irin ni a kàn fi pa á dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Nítorí náà, àlọ́ onírin ni n óò máa pè é.

Kí ni a fi ń mọ àlọ́ tí ó dára? Pé ìdáhùn rẹ̀ wà níwájú ẹni tí a pa á fún láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì rí i. Apàlọ́ kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pamọ́ sẹ́yìn. Bí a bá já a tán, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá kígbe pé, "Háà, ojú mi náà ló wà!", àlọ́ náà yege. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wí ni, "Ta ni ì bá mọ ìyẹn?", a jẹ́ pé apàlọ́ rẹ́ ẹ jẹ ni. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé "tú" wà nínú "túmọ̀": ìmọ̀ ni à ń tú, bí ìgbà tí a bá ń tú okùn. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń wí ni àlọ́ onírin ń fi ọwọ́ wa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú èyí tí ó rọrùn jù lọ, ìṣó méjì. A tẹ ìṣó kọ̀ọ̀kan títí ó fi ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, a sì kì wọ́n bọ inú ara wọn. Àlàfo kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ojú lásán rí. Àmọ́ àlàfo náà kò gba ìṣó kejì kọjá, àfi bí a bá yí àwọn méjèèjì síra bí ó ti yẹ, kí ọ̀kan sì yọ́ gba inú èkejì jáde. Ẹni tí ń fà á ń mú kí wọ́n há sí i ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni èyí tí ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fi ipá ṣe é: àlàfo náà yóò fẹ̀. Ìṣó yóò bọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta yóò máa yà á bí ẹni ya búrẹ́dì. Kò sí àlọ́ mọ́; ìṣó méjì tí ó wọ́ ni ó kù nílẹ̀. Ewì tí a kà ní àkàkúkàá kì í bàjẹ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò tún un kà lọ́la. Irin kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó jẹ́ ọba láàrin wọn wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Òrùka mẹ́sàn-án ni wọ́n sábà fi ń ṣe é lọ́hùn-ún, orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Cardano, onímọ̀ ará Ítálì, mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀ ní 1550. Louis Gros, ará Faransé, sì kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí ìṣirò rẹ̀ ní 1872. Bí ó ti rí nìyí. Irin kan wà tí ó dà bí abẹ́rẹ́ ńlá tí ojú rẹ̀ gba gbogbo ara rẹ̀. Àwọn òrùka kọ́ sí i lára ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ òrùka kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀, ó gba inú òrùka tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ó tó dé ara pákó tí a fi ìdí gbogbo wọn mọ́. Kí á yọ abẹ́rẹ́ náà kúrò láàrin wọn ni iṣẹ́ tí a gbé fún wa.

Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Òrùka kìíní lè bọ́, ó sì lè padà wọlé nígbàkígbà. Òrùka mìíràn kì í ṣí nípò, àfi bí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an bá wà lórí irin, tí gbogbo èyí tí ó ṣáájú ìyẹn sì ti bọ́ kúrò. Bí òrùka bá jẹ́ mẹ́jọ, ìgbésẹ̀ 170 ni yóò tú wọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, 341.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí olórùka mẹ́jọ. Ipò méjì ni òrùka kọ̀ọ̀kan lè wà: yálà kí ó wà lórí irin tàbí kí ó ti bọ́. Nítorí náà, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lápapọ̀ ní ipò 256. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti babaláwo rí yóò ti mọ iye yìí. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kí ó dojú bolẹ̀. Odù 256 ni ó sì wà nínú Ifá. N kò wí pé ẹnì kan kọ́ ọ lára ẹnì kejì o. Ìṣirò kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì, bí àwọn tí ó ṣe wọ́n kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ara wọn rí.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ó ṣe pàtàkì sí lámèyítọ́. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń fò: bí a bá ti jù ú sílẹ̀, èyíkéyìí nínú 256 lè yọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Òrùka kì í fò. Gbogbo ipò 256 náà tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò ní oríta. Níbikíbi tí a bá dé lójú ọ̀nà náà, ohun méjì péré ni a lè ṣe, kí á tẹ̀ síwájú tàbí kí á padà sẹ́yìn. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọnù níbẹ̀. Ó kàn lè kọjú sí ibi tí kò yẹ ni. Ẹ jẹ́ kí á ní ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òrùka kìíní, nígbà tí ó jẹ́ pé èkejì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yọ. Bí kò bá yẹsẹ̀, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 85 yóò bá ara rẹ̀ níbi tí òrùka méje ti bọ́, tí ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìkẹjọ. Ojú rẹ̀ yóò sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Nínú gbogbo ipò 256, ibẹ̀ ni ó jìnnà jù lọ sí òpin: ìgbésẹ̀ 255 ni ó kù. Nígbà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣì wà lórí irin, 170 péré ni. N kò mọ eré onítàn tí ó fi ẹ̀dùn tí ó mú tó èyí ṣe àwọn òǹwòran rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wáyà àti òrùka lásán ni.

Àwọn kan wà tí kò ní ìdáhùn rárá. Stewart Coffin, ará Amẹ́ríkà, ya àwòrán wáyà kan tí ó rí bí 8 tí a fi okùn kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ọdún gbọọrọ wá ọ̀nà rẹ̀. Ní 2003 ni Inta Bertuccioni kọ ọ́ sínú American Mathematical Monthly, pẹ̀lú ẹ̀rí, pé okùn náà kò lè bọ́ láé. Bí ìṣirò, ó dùn mọ́ mi. Bí àlọ́, rárá: ẹni tí ó bá tà á fún ọmọ ọlọ́mọ láìsọ fún un ti yan onítọ̀hún jẹ.

Nísinsìnyí, kí ni à ń rí rà nítòsí wa? Ní àwọn ilé ìtajà ńlá tí ó wà ní Lekki, nínú páálí aláràbarà ni wọ́n ń tà á, irin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ń dán yinrin. Lára páálí náà ni wọ́n ya ìràwọ̀ sí láti sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti le tó. Àṣà yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Hanayama ti Japan, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀wọ́ irin dídà rẹ̀ ní 1983, ń fi nọ́ńbà 1 dé 6 ṣe bẹ́ẹ̀, irin tirẹ̀ sì dára púpọ̀. Síbẹ̀ apàlọ́ wo ni ó ń kọ́kọ́ sọ pé, "Èyí yóò le fún yín díẹ̀"? Ohun tí ó burú jù wà nísàlẹ̀ àwọn páálí olówó pọ́ọ́kú: ìwé tí a ká, tí ìdáhùn gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá wò ó yóò yọ irin náà láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí irin náà sí òdìkejì, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìdáhùn, kò ní ìtumọ̀. A mọ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú yàrá ìdánwò wa, àwọn tí òbí ti ra ìdáhùn fún kí wọ́n tó rí ìbéèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ fa ìwé náà ya kí ẹ tó gbé páálí lé wọn lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè já mi nírọ́ pé àlọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ṣe nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Agbo ni a ti ń pa á. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà fún páálí. Ṣùgbọ́n láti Ajah dé Ṣàǹgótẹ̀dó, lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ilé ni wọ́n ń kọ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ayọnbẹ́ńdà sì pọ̀ níbẹ̀. Orí pákó tí wọ́n kan ìṣó gbọọrọ mọ́ ni wọ́n ti ń tẹ èyí tí wọ́n ń pè ní ríìǹgì, irin onígun mẹ́rin tí ń di irin òpó mú. Níbi iṣẹ́ kan, mo rí ohun tí ọ̀kan nínú wọn fi àjákù irin mìlímítà 8 ṣe: ríìǹgì kan, ìkọ́ kan tí orí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, àti òrùka kan tí ó há sáàrin wọn. Òrùka náà ni kí á yọ. Lọ́wọ́ ọ̀sán, wọn a yí i ká, wọn a máa fi omi inú ọ̀rá jiyàn. Mo mú un, mo sì fẹ́ fà á. "Bàbá, ẹ má fà á o, sà," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí, "ẹ kàn kọ́kọ́ wò ó." Àwọn yòókù ti ń rẹ́rìn-ín.

Bí a bá ní kí á yẹ iṣẹ́ náà wò, ó ní àléébù. Ẹnu ibi tí wọ́n ti gé irin mú, ó lè ya ènìyàn lọ́wọ́. Ìpẹtà rẹ̀ sì ń bá ènìyàn délé. Ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan pamọ́. Òrùka náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìkọ́ lọ sí i, síbi tí gbogbo ènìyàn yóò pè ní àháámọ́, kí ó tó rí ọ̀nà jáde. Kò sí ìràwọ̀ lára rẹ̀, kò sí ìwé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kì í sì í sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àfi kí ó kọ́ ọ bí yóò ti wò ó. Mo fi í ṣíwájú èyí tí mo rí nínú páálí aláràbarà, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ti fi fáìlì ra ẹnu irin náà, wọ́n sì ti fi òrùka kejì kún un. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń jiyàn ti di abọ́ ìrẹsì.