Ta Ló Gbàgbé Sùkùdíráfà Sínú Ẹ́ńjìnnì?

Ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Tẹ̀júoṣó ni mo ti wo The African Queen, lórí fóònù, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí oníbàárà yọjú. Àwa mẹ́ta la jókòó: èmi, ẹ̀gbọ́n mi tó ni ṣọ́ọ̀bù, àti bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Mákòkó, tó wá ra aṣọ fún ìyàwó ẹ̀.

Ọdún 1951 ni fíìmù náà jáde. John Huston ló darí ẹ̀. Ọdún 1914 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, nígbà ogun, ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Jámánì. Charlie tó ń wa ọkọ̀ àti Rose, obìnrin míṣánnárì kan, gba orí odò sá lọ nínú ọkọ̀ kékeré tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn. Ìfẹ́ àwọn méjèèjì ni gbogbo ayé ń yìn. Lójú tèmi, ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ni ẹnì kẹta wọn. Ó ń mí, ó ń kọ́, ó ń bínú. Nígbà tí irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ tẹ̀, wọ́n dáná sí etí odò, wọ́n sì nà án títí ó fi tọ́. Fíìmù ò kánjú níbẹ̀ rárá, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń wò. Ibẹ̀ ló dùn jù.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí bọ̀ọ̀dá Mákòkó ti ní ká dá a dúró ná. Charlie máa ń ta ẹ́ńjìnnì nípàá kó má bàa bú gbàmù. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ló gbàgbé sùkùdíráfà sínú ẹ̀. Ó lè yọ ọ́ o, àmọ́ ó ń gbádùn ìtapá náà.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ọmọ iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Kò lórúkọ. Ẹ̀rín lásán ni wọ́n fi í pa. Àwọn ará abúlé tí sójà dáná sun ilé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ńkọ́? Fíìmù ò bojú wẹ̀yìn wò wọ́n mọ́. Àléébù ńlá nìyẹn.

Ọdún 1912 ni wọ́n kan ọkọ̀ náà gan-an ní Lytham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣiṣẹ́ lórí omi Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ó wà ní Key Largo, Florida. Wọ́n tún un ṣe ní 2012, àwọn àlejò sì ń sanwó kí wọ́n lè gun ún. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó sì tọ́jú ẹ̀, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n tí a bá tọ́jú irin tí a ò rántí ọwọ́ tó ń fún un lẹ́mìí, ìdajì ìtàn la tọ́jú.

Ẹ rìn láti Tẹ̀júoṣó, ẹ gba Yábàá kọjá, ẹ ó bá Mákòkó létí ọ̀sà. Níbẹ̀, Yamaha ògbólógbòó tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù ẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣọnà. Oúnjẹ òòjọ́ ni. Bọ̀ọ̀dá yìí á fa okùn lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́tí, á sì sọ púlọ́ọ̀gì tó ti kú fún yín.

Ẹ wo fíìmù náà, ó tó wò. Nígbà tí òjò dá, bọ̀ọ̀dá gbé aṣọ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ iṣẹ́ tèmi náà máa ń gbàgbé sípánà sínú ẹ́ńjìnnì. Èmi ò kí ń ta á nípàá ní tèmi. Màá pe ọmọ náà lórúkọ, á sì wá mú un."