Ojú Rí B, Etí Gbọ́ C#: Lámèyítọ́ Lórí Koyunbaba ti Carlo Domeniconi

Nínú bébà yìí, a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ orin kan tí àwọn tó ń ta gìtá kílásíkà máa ń sọ pé ó le. Koyunbaba ni orúkọ rẹ̀. Carlo Domeniconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó gbé ní Berlin tó sì kọ́ni ní Istanbul, ló kọ ọ́ ní 1985. Èdè Tọ́kì ni orúkọ náà: koyun ni àgùntàn, baba sì ni baba, bí àwa náà ṣe ń pè é.

Láti orí okùn tó nípọn jù, E, A, D, G, B, E ni gìtá máa ń dún. Yíyí ọ̀kan padà kì í ṣe tuntun. Tárrega ti sọ okùn kẹfà kalẹ̀ sí D nínú Capricho árabe. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni Domeniconi yí: C#, G#, C#, G#, C#, E. Bí a bá ta gbogbo okùn láìtẹ ibì kankan, kọ́ọ̀dù C# máínọ̀ ló máa dún. Bí saz àwọn ará Tọ́kì, ohùn kan ń dún lábẹ́ orin láìdákẹ́.

Níbo wá ni ìṣòro náà wà? Èrò wa ni pé kò sí nínú ìka tó bí ó ti wà láàárín ojú àti etí. Bí a bá fi àmì orin sọ ibi tí ìka yóò tẹ̀ dípò ohùn tí yóò jáde, akẹ́kọ̀ọ́ á rí B, á sì gbọ́ C#. A ti rí i nínú kíláàsì: ẹni tí etí rẹ̀ mú ló ń dúró, tó ń wo gìtá bí ẹni pé ó purọ́ fún un. Ẹni tó ń fi ìka nìkan ka ìwé kọjá láìfura, òun la sì ń fún ní máàkì jù. Ó yẹ kí èyí dùn wá, àwa tí a mọ̀ pé igbá àti ìgbà kì í ṣe ọ̀kan náà bí a kò tilẹ̀ fi àmì sí wọn.

Moderato ló dára jù nínú ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: a ta okùn, a jẹ́ kó dún tán. Presto kò tẹ́ wa lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ìró àti eré ló ń gbé e, nítorí gìtá tí a so mọ́ kọ́ọ̀dù kan báyìí ṣòro láti mú kúrò nílé, orin náà sì lé ní ìṣẹ́jú 10.

Níbi tí okùn ti wọ́n, okùn kejì tí a fà gòkè ní fret méjì lè já. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ ní fret kan: C, G, C, G, C, E♭. Okùn kẹta á dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Okùn kẹfà ni yóò dẹ̀, kí a má ta á le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ohùn tó gbọ́ sábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan nínú Moderato kó tó fọwọ́ kan Presto, kí a sì fún un ní máàkì lórí ohun tó gbọ́.