Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ẹ̀dá-Ìtàn Yan Àkànṣe Iṣẹ́

Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, olùkópa kọ̀ọ̀kan a máa dá ẹ̀dá-ìtàn kan, wọn a sì jọ fi ẹnu hun ìtàn. Bí ìrírí bá ti ń pọ̀ ni ẹ̀dá-ìtàn ń gun ìpele. Nínú òfin 2014, ìpele kìn-ín-ní ni àlùfáà àti ẹni tí a bí idán mọ́ ti ń yan àkànṣe tiwọn. Jagunjagun a dúró di ìpele kẹta. Òfin 2024 sọ ti gbogbo wọn di ìpele kẹta.

Àtúnṣe yìí ṣàǹfààní fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà: ẹni tí kò tíì rójú ogun kò lè mọ ọgbọ́n ogun tí ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ó pa ìtàn lára. Ẹni tí ó jogún idán láti inú ẹ̀jẹ̀ dírágónì yóò ti máa pidán ní ìpele méjì kí òfin tó bi í pé ọmọ ta ni. Iṣẹ́ ni à ń kọ́, a kì í kọ́ ìran ẹni. Lójú tèmi, kí ohun tí a kọ́ dúró de ìrírí; ohun tí a bí mọ́ni kò yẹ kí ó dúró de ìpele kankan.