Ojú Tí Kì Í Ṣẹ́jú: Ibi Tí Orwell Ríran Dé

Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni Nineteen Eighty-Four tí George Orwell gbé jáde lọ́dún 1949. Nínú rẹ̀, ìjọba gbé tẹlifíṣọ̀n tó ń wo ẹni tó ń wò ó sínú yàrá Winston. Kọ̀rọ̀ kékeré kan ni ojú ẹ̀rọ náà kò dé. Ibẹ̀ ni Winston jókòó sí tó ń kọ̀wé. Fún àwa tí à ń kọ̀wé, kọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀mí ìtàn náà.

Àwọn kan á ní kò kan àwa ará Mowe, Ibafo àti Ifọ̀. Ṣé ibi tí iná kì í dúró ni kámẹ́rà á ti ṣiṣẹ́? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Lọ́dún 2010, ìjọba àpapọ̀ gbéṣẹ́ fún ZTE ti ilẹ̀ China: mílíọ̀nù 470 dọ́là, kámẹ́rà 2,000 fún Àbújá àti Èkó. Ọ̀pọ̀ wọn ló kú sórí òpó, gbèsè ò kú. Èkó yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń jí lọ ní ìdájí.

Ibi tí Orwell kò ríran dé rèé: ọwọ́ ìjọba nìkan ló kó gbogbo ojú sí. Ní October 20, 2020, kí ìbọn tó dún ní too-géètì Lẹ́kí, wọ́n tú kámẹ́rà kan kúrò níbẹ̀. Gómìnà Sanwó-Olú ní èyí tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò ni. Fóònù DJ Switch ló gbé ìṣẹ̀lẹ̀ náà síta lórí Instagram. Ojú aráàlú ló ṣọ́ ìjọba lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ó ríran dé ibì kan: ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ kò lè bi ẹni tó ń ṣọ́ ọ léèrè. Abala 37 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí wa, ó dárúkọ ilé, lẹ́tà àti tẹlifóònù. Kò dárúkọ títì.

Mo mọ̀ pé ajínigbé ń dẹ́rù bà wá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Mi ò ní kí wọ́n má gbé kámẹ́rà wá. Àmọ́ àwọn àgbà ní amòòkùn ṣolè, bí ọba ayé ò rí ọ, Ọba òkè ń wò ọ́. Ọba òkè ni wọ́n fi ojú tó ń rí gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún. Ìjọba tó bá fẹ́ yá a lò gbọ́dọ̀ sọ fún wa: ta ló ń wò? Ọjọ́ mélòó ni àwòrán wa máa lò lọ́wọ́ wọn? Ta la máa pè lẹ́jọ́ bí wọ́n bá ṣì í lò? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Ibafo, ẹ béèrè kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.